Hẹ́dífóònù inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì síkíì: ẹ wo bọ́tìnnì àti bátìrì kẹ́ẹ tó wo ohùn

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́: tẹ́ẹ bá fẹ́ ra hẹ́dífóònù tẹ́ẹ máa tì bọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì síkíì (eré tí wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín látòkè wá sísàlẹ̀), ohùn kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè jọ yín lójú, ṣebí orin la fẹ́ gbọ́, àmọ́ gbogbo wọn ló ń dún, èyí tó wọ́n àti èyí tó dọ̀pọ̀, ìyàtọ̀ ohùn wọn ò tó nǹkan téèyàn ń torí ẹ̀ náwó rẹpẹtẹ. Nǹkan tó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ṣé èèyàn lè wọ ìbọ̀wọ́ kó sì tẹ̀ ẹ́, ṣé bátìrì ẹ̀ á dúró tí òtútù bá dé, ṣé ó máa wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì téèyàn ti ní nílé, ṣé èèyàn á sì tún máa gbọ́ ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Mẹ́rin yẹn ni mo fi ń wọn gbogbo wọn. Ohùn ló ṣe ìkarùn-ún, kò sì sún mọ́ ìkẹrin rárá.

Agbègbè Denver la ń gbé, ní Kólórádò, tí ìgbà òtútù bá ti wọlé a máa ń gba òpópónà I-70 lọ sórí àwọn òkè síkíì, Loveland, Keystone, Breckenridge, ibikíbi tí owó bá gbé wa dé, pẹ̀lú go-slow burúkú tó máa ń wà lójú ọ̀nà Eisenhower Tunnel láàárọ̀ Sátidé. Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀, kí lọmọ Yorùbá ń wá lórí yìnyín. Ẹ fi wá sílẹ̀ jàre. Lọ́dún 2022 Samuel Ikpefan lọ ṣojú Nàìjíríà níbi Olympics ìgbà òtútù ní Beijing, òun lẹni àkọ́kọ́ tó ṣe síkíì fún Nàìjíríà níbẹ̀, àwọn èèyàn dúdú Amẹ́ríkà náà sì ti ní ẹgbẹ́ tiwọn tipẹ́, National Brotherhood of Skiers, Aspen tó wà ní Kólórádò níbí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ kóra jọ lọ́dún 1973. Torí náà kì í ṣe àwa la bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, orin nìkan la gbé wá.

Irú èyí tí mo máa ní kẹ́ẹ kọ́kọ́ wò ni èyí tó rí roboto, tó pẹlẹbẹ bíi bisikíìtì, sípíkà méjì, ọ̀kan fún etí ọ̀tún, ọ̀kan fún tòsì. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì síkíì ìwòyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní aṣọ tó nípọn tó bo etí, inú aṣọ yẹn ní àpò kan tí wọ́n fi síìpù tàbí velcro dì, ibẹ̀ lẹ máa tì í bọ̀. Wáyà tín-ín-rín kan so méjèèjì pọ̀, ó gba ẹ̀yìn hẹ́límẹ́ẹ̀tì kọjá, Bluetooth ló fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ó parí. Èyí tí òkìkí ẹ̀ kàn jù ni Chips tí iléeṣẹ́ Outdoor Tech ń ṣe, sípíkà ẹ̀ fẹ̀ tó 40mm. Aleck náà ní tiwọn, Smith tó ń ṣe hẹ́límẹ́ẹ̀tì sì ti bá Aleck dòwò pọ̀ láti ṣe èyí tó máa bá hẹ́límẹ́ẹ̀tì tiwọn mu. Àwọn tó lórúkọ yìí, owó wọn sáábà máa ń lé ní 100 dọ́là, àwọn tí kò lórúkọ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò wọ́n tóyẹn rárá. Mo ti lo irú méjèèjì, màá sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì ni ká kọ́kọ́ mú torí òun ló ń bí èèyàn nínú jù. Òtútù orí òkè yẹn kì í ṣe èyí téèyàn á torí orin bọ́ ìbọ̀wọ́. Tẹ́ẹ bá wà lórí líìfù, ìyẹn àga tí okùn irin ń fà gbé èèyàn lọ sókè òkè, tẹ́ẹ bọ́ ọ, tó bá fi lè já bọ́ lọ́wọ́ yín, ó dìgbà kan ná o, ó ti wà nínú igbó nísàlẹ̀, tẹ́ẹ bá sì ti ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀pá ti wà lọ́wọ́ méjèèjì. Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ fẹ̀ dáadáa, kó ta sókè díẹ̀ kéèyàn lè fọwọ́ wá a rí látorí aṣọ, kó sì le díẹ̀, kó má lọ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá forí ti àga líìfù ni orin á máa yí padà. Èyí tó bá dáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan orin á dúró, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì á bọ́ sórí òmíì, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí kò ní bọ́tìnnì gidi, tó jẹ́ pé wọ́n ní kéèyàn máa fìka rá a ni, ẹ sá fún un, ìbọ̀wọ́ tó nípọn kì í bá irú ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nǹkan tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn ni pé kí wọ́n mú ìbọ̀wọ́ wọn dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n ti sípíkà yẹn bọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, kí wọ́n dé e sórí kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń tajà á máa wò yín o, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wò.

Bátìrì wá ńkọ́? Iye wákàtí tí wọ́n kọ sára páálí, inú yàrá tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Bátìrì lithium, tí òtútù bá ti mú un, nǹkan tó ń gbé iná kiri nínú ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, agbára tó wà nínú ẹ̀ ò sì ní lè jáde tán, ẹ máa rí i pé nǹkan tó ní òun ṣì kù tó ìdajì á kàn kú fin. Tẹ́ẹ bá gbé e wọlé tó móoru, ó tún á jí padà, torí náà kò tíì bà jẹ́. Èyí tó ń bà á jẹ́ gan-an ni kéèyàn ki ṣájà bọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù bíi yìnyín. Ẹ̀yin tẹ́ẹ máa ń jáde ní pákìǹgì tẹ́ẹ sì ti ki í sínú USB mọ́tò lójú ẹsẹ̀, ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí híítà mọ́tò kọ́kọ́ mú un gbóná díẹ̀, torí tí wọ́n bá ń ṣájì bátìrì lithium nígbà tó tutù ju ibi tí omi ti ń dì lọ, inú ẹ̀ ló ń bà jẹ́ díẹ̀díẹ̀, kò sì sí àtúnṣe.

Ibi tí hẹ́dífóònù inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì ti wá jàǹfààní ni pé orí èèyàn ń mú un gbóná. Abẹ́ aṣọ ló wà, ó sún mọ́ etí, afẹ́fẹ́ ò fẹ́ lù ú tààrà. Fóònù gan-an ló máa kọ́kọ́ kú, kì í ṣe òun. Apple fúnra wọn kọ ọ́ pé láti 32 dé 95 lórí ìwọ̀n Fahrenheit ni ká ti máa lo iPhone, ẹ sì wo òkè Breckenridge, líìfù tí wọ́n ń pè ní Imperial Express gbé èèyàn dé 12,840 ẹsẹ̀ bàtà, ta ló máa bá yín rí 32 níbẹ̀ láàárọ̀ oṣù kìíní? Nítorí náà ẹ má fi fóònù sápò ìta jákẹ́ẹ̀tì. Àpò inú ni, èyí tó sún mọ́ ara. Ẹ ti da orin sórí fóònù látilé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró sójú kan lórí òkè, tí fóònù bá sì ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, ńṣe ló ń jẹ bátìrì ara ẹ̀. Àwọn kan máa ń fi sí airplane mode, wọ́n á wá tan Bluetooth nìkan padà, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí kò bá ti sí ọmọ tàbí ọ̀rẹ́ tó lè máa wá yín. Tèmi, bàbá àwọn ọmọ ò lè gbà, tí kò bá ti rí mi pè, ó ti ń bá ski patrol, àwọn tó ń dóòlà èèyàn lórí òkè, sọ̀rọ̀.

Ohun míì tún wà lórí àpò fóònù yẹn tí àwọn èèyàn ò mọ̀. Bluetooth ò fẹ́ràn omi, ara èèyàn sì kún fún omi. Tó bá jẹ́ pé sípíkà ọ̀tún ni ibi tó ń gba Bluetooth wà, tẹ́ẹ wá fi fóònù sápò òsì lábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì àti fleece, orin á máa já, á ń já, ẹ ó sì rò pé nǹkan tẹ́ẹ rà ni ò dáa. Ẹ kàn yí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ibi tí bọ́tìnnì àti ihò ṣájà bá wà, ẹ̀gbẹ́ yẹn ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ dán wò.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bó ṣe máa wọlé. Ẹ má kàn gba ọ̀rọ̀ ẹni tó bá kọ ọ́ pé ó ń wọ gbogbo hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Àpò etí hẹ́límẹ́ẹ̀tì kan tóbi, tòmíì kéré, tòmíì síìpù ẹ̀ wà lókè, tòmíì ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ gbogbo aṣọ etí kúrò lára hẹ́límẹ́ẹ̀tì kẹ́ẹ tó lè rí i. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó le délẹ̀ títí dé etí, irú èyí táwọn tó ń sáré ìdíje ń dé, ìyẹn kì í sáábà láyè fún nǹkan kan. Ní Yúróòpù wọ́n pín in sí A àti B nínú ìlànà ààbò hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní EN 1077, A ló le dé etí, B ló fi etí sílẹ̀ fún aṣọ kéèyàn lè gbọ́ràn dáadáa, àwọn tó wà ní B yìí la sì ń sọ. Tọ́jà Amẹ́ríkà níbí, ìlànà tiwọn, ASTM F2040, ni kẹ́ẹ wá lára ẹ̀. Ẹ gbọ́, ẹ má fi ọ̀bẹ gé fóòmù inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì torí sípíkà, ẹ má sì lo gọ́ọ̀mù láti lẹ nǹkan líle mọ́ àárín orí àti fóòmù. Mo ti rí ẹni tó ṣe é, ó tún ń fi han èèyàn bíi pé ó gbé nǹkan ńlá ṣe. Orí ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì wà fún. Tí kò bá wọ àpò etí, ẹ dá a padà síbi tẹ́ẹ ti rà á.

Tó bá ti wọlé tán, ẹ wá wo ibi tó bọ́ sí. Àpò yẹn sáábà máa ń fẹ̀ ju sípíkà lọ, sípíkà á máa yọ̀ kiri nínú ẹ̀, á wá lọ jókòó sẹ́yìn etí tàbí sísàlẹ̀ níbi egungun àgbọ̀n, orin á wá dà bíi pé yàrá kejì ni wọ́n ti ń kọ ọ́. Kò sí nǹkan kan tó ṣe é, ẹ fi aṣọ pélébé kan dí ìsàlẹ̀ àpò náà kó lè gbé e sókè kó dojú kọ ihò etí. Iṣẹ́ kékeré báyìí, mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òun ló sàn ju kéèyàn lọ fi 50 dọ́là kún owó ẹ̀.

Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ mi tẹ́ẹ dirun, àti ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ẹ ní dàda, apá tiyín rèé o, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún wa lára àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò nǹkan yìí torí irun tiwọn kì í ṣe irun tiwa. Irun tẹ́ẹ bá fà gba orí etí kọjá máa jókòó sáàárín etí àti sípíkà, á sì gbé ohùn orin mì. Ẹ fà á sẹ́yìn etí kẹ́ẹ tó dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, ẹ dì í sísàlẹ̀ ọrùn, kì í ṣe àárín orí, torí tẹ́ẹ bá ká a jọ sókè hẹ́límẹ́ẹ̀tì ò ní jókòó, á máa tì síwájú á wá máa ta gọ́gù, awò tẹ́ẹ fi bo ojú. Bọ́nẹ́ẹ̀tì sátìnì tó fúyẹ́ lábẹ́ ẹ̀ dáa gan-an, kì í jẹ́ kí aṣọ inú hẹ́límẹ́ẹ̀tì fa irun já, kò sì dí ohùn lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn ìyá wa tó nípọn, tó ní rọ́bà yíká etí, ìyẹn ò lè ṣe é. Ẹ ra hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó ní nǹkan tí wọ́n ń yí lẹ́yìn láti fi fẹ̀ ẹ́ tàbí fún un, torí orí ẹni tó dirun lóṣù kejìlá kì í ṣe orí ẹni tó tú u lóṣù kejì. Ẹ dáwọ́ lé ríra hẹ́límẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú irun tẹ́ẹ máa gbé lọ, ọjọ́ tẹ́ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú irun kọ́ ni kẹ́ẹ lọ.

Ohùn wá kù. Sípíkà tí kò wọ inú etí, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló wà, kò lè fún èèyàn ní béèsì tó ń mi àyà, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni, afẹ́fẹ́ ti gba àárín wọn jáde. Irú orin tẹ́ẹ bá ń gbọ́ ló máa pinnu bóyá ó máa dùn yín. Fújì ń dún dáadáa nínú ẹ̀, àní ó yà mí lẹ́nu, torí dùndún àti ohùn olórin wà láàárín, kì í ṣe nísàlẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí onílù ń fi ìlù sọ lẹ máa gbọ́ kedere. Jùjú náà bẹ́ẹ̀, gìtá ń dún létí bí ẹní ń fi ṣẹ́rẹ́. Àpàlà ńkọ́, àgídìgbo ló máa kéré níbẹ̀ torí òun ló wà nísàlẹ̀, ìyókù ò burú. Afrobeats tuntun yìí ló jìyà jù, torí béèsì àti log drum, ìlù orí kọ̀ǹpútà tí ohùn ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ni wọ́n kọ́ ọ lé, tẹ́ẹ bá sì yọ ìyẹn kúrò, kí ló kù? Àwọn èèyàn á wá máa gbé ohùn lọ sókè sókè láti wá béèsì tí kò sí níbẹ̀, ibẹ̀ ni ewu ti ń bẹ̀rẹ̀.

Torí ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ràn. Òfin síkíì Kólórádò tí wọ́n ṣe lọ́dún 1979 gbé e lé ẹni tó ń bọ̀ látòkè lọ́rùn pé kó má kọlu ẹni tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìlànà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí líìfù káàkiri Amẹ́ríkà náà sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà níwájú ló ni ọ̀nà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yẹn lè jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí kò lè dúró, nǹkan tó sì máa ń ṣe ni pé ó máa pariwo pé apá òsì lòun máa gbà, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ariwo síkíì lórí yìnyín tó dì náà, ìyẹn náà jẹ́ ìròyìn, ó ń sọ fún ẹsẹ̀ yín pé ibi tẹ́ẹ gbé e lé ti yí padà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn sípíkà inú aṣọ etí ju earpiece tó ń wọ ihò etí lọ, kò dí etí, ohùn ìta ń wọlé fúnra ẹ̀. Níbi tí èrò bá pọ̀, tàbí níbi tí ọ̀nà méjì ti pàdé, èmi a máa pa á. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ síkíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orin sí i létí rárá, ọ̀rọ̀ olùkọ́ ẹ̀ ni kó máa gbọ́, bẹ́ẹ̀ náà làwọn ọmọdé.

Ẹnì kan á ní AirPods ni òun máa lò, òun ti ní i, kí ló dé tóun tún fẹ́ náwó. Ẹ lè gbìyànjú ẹ̀. Igi tó yọ lára ẹ̀ á máa fara gbún aṣọ etí hẹ́límẹ́ẹ̀tì, tẹ́ẹ bá wá bọ́ hẹ́límẹ́ẹ̀tì láti jẹun, ọ̀kan á tẹ̀lé e jáde, nǹkan funfun tó já bọ́ sórí yìnyín funfun, ẹ bá mi wá a. Èyí tó ń gba inú egungun kọ orin, irú Shokz tí wọ́n máa ń fi sáré, etí yín á ṣí sílẹ̀ pátápátá, ìyẹn dáa lóòótọ́, àmọ́ irin tó yí gba ẹ̀yìn orí ń bá hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kọ́là jákẹ́ẹ̀tì àti okùn gọ́gù jà lójú kan náà, ẹni tí ọrùn ẹ̀ gùn ló lè fara dà á.

Èyí tí wọ́n fi ń bá ara ẹni sọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ fi ojú sílẹ̀ dáadáa níbi yìí torí wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan, áàpù orí fóònù ni wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ló ń gbé e, torí náà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Ọ̀nà kejì, irú Cardo Packtalk Outdoor, òun fúnra ẹ̀ ló ń bá èkejì ẹ̀ sọ̀rọ̀ láìlo nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnikẹ́ni, owó ẹ̀ sì ju ti tàkọ́kọ́ lọ dáadáa. Tó bá jẹ́ pé mọ̀lẹ́bí ńlá lẹ ń kó lọ, tàwọn ọmọ máa ń fọ́n ká, ẹ ronú sí ti Cardo yẹn. Tó bá jẹ́ pé orin lásán lẹ fẹ́, ẹ má sanwó ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ sì ṣọ́ra fún áàpù wọn o: lọ́dún 2019 àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan ní Bìrìtìkó, Pen Test Partners, gbé e síta pé áàpù walkie-talkie tí Outdoor Tech ṣe fún Chips nígbà yẹn ní ihò, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè rí orúkọ, ímeèlì, àní ibi tí àwọn tó ń lò ó wà. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kò ní kí sípíkà náà má dáa, àmọ́ èmi kì í da áàpù irú ẹ̀ sórí fóònù tí kò bá pọn dandan, Bluetooth nìkan tó fún orin.

Ó ku àwọn tí kò lórúkọ. Èyí tí mo lò, ohùn ẹ̀ ò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti olówó ńlá, mo ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ibi tó ti ń yọni lẹ́nu ni obìnrin tó wà nínú ẹ̀. Ẹ tan án, á pariwo mọ́ yín létí pé òun ti tàn, ohùn ẹ̀ ga ju orin lọ, kò sì sí bẹ́ẹ ṣe lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Tí bátìrì bá ń lọ sópin, á bẹ̀rẹ̀ sí í kéde ẹ̀ léraléra títí tó fi máa kú, èèyàn á wá máa bẹ̀ ẹ́ pé kó kú. Bọ́tìnnì ẹ̀ náà kéré, mẹ́ta ni wọ́n tò pọ̀ mọ́ra, ìbọ̀wọ́ ń tẹ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n kọ IPX4 sára ẹ̀, ìyẹn ni pé omi tó bá ta sí i látibikíbi ò ní pa á, àmọ́ ẹni tí a ò mọ ilé ẹ̀, ta ló bá wa wọ̀n ọ́n? Tẹ́ẹ bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kẹ́ẹ kàn gbádùn ara yín, ó tó. Ẹni tó ń lọ gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, kó ra èyí tí iléeṣẹ́ ẹ̀ ṣe é wá rí tó bá bà jẹ́.

Chips onáwáyà ni mò ń lò báyìí, òun ni mo sì máa ní kẹ́ẹ rà tẹ́ẹ bá bi mí, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ wáyà ẹ̀ kúrò, tí wọ́n pè ní Ultra. Wáyà yẹn ò dí mi lọ́wọ́, mi ò tiẹ̀ rí i, ó wà lẹ́yìn nínú aṣọ. Àǹfààní ẹ̀ ni pé nǹkan kan ṣoṣo lẹ máa ṣájì, tí ẹ̀gbẹ́ kan bá sọnù èkejì á fà á jáde, kò sì ní jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á kú kí tòsì ṣì máa kọrin. Alaalẹ́ ni kẹ́ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì kí òógùn àti omi yìnyín tó wà lára aṣọ gbẹ, ẹ má gbàgbé yọ ọ́ kẹ́ẹ tó ju aṣọ etí sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Tí kò bá kán yín lójú, ẹ má rà á lóṣù kejìlá. Láti ìparí oṣù kẹta wọlé Épírì làwọn ṣọ́ọ̀bù máa ń fẹ́ palẹ̀ ọjà ìgbà òtútù mọ́, owó ẹ̀ á wálẹ̀ dáadáa. Lásìkò yẹn ọ̀pọ̀ òkè ti fẹ́ tì, àmọ́ Arapahoe Basin sáábà máa ń ṣí wọ oṣù karùn-ún, nígbà míì wọ oṣù kẹfà, ẹ lè gbé e lọ dán wò níbẹ̀ kí ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti dá a padà tó pé. Ẹ fi risíìtì sínú páálí ẹ̀.